«Ìrántí» tàbí «àyè iṣẹ́»: kí ni kò tó nígbà tí àníméṣọ̀n bá dúró lágbedeméjì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè. Nínú àríyànjiyàn wa lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ àwọn tó ń ṣe àníméṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, ẹnì kan dábàá pé kí RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń lò fún iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, máa jẹ́ «ìrántí», àti pé, bí kò bá tó mọ́, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ síta pé «Ìrántí ti tán». Ìdí tó fi lélẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn atúmọ̀ èdè kan. Mo gbà pé kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Èmi fúnra mi ti lò ó rí, nínú ìwé ìlànà kékeré kan tí mo kọ fún àwọn tó ń fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àníméṣọ̀n, ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kà á pè mí pé iṣẹ́ òun dá dúró ní fíréèmù 147 nínú 240 (fíréèmù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra wọn), ìyẹn àníméṣọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 10 tí fíréèmù 24 ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí «Ìrántí ti tán», ó lọ pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́ lórí díìsìkì rẹ̀ títí àyè ńlá fi ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ó tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì tún dúró síbi kan náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ mi sọ fún un gan-an ló ṣe. Létí Yorùbá, ohun tí a bá ń rántí wà nípamọ́ níbì kan, díìsìkì ló sì ń ṣe iṣẹ́ ìpamọ́.

RAM kì í pa nǹkan mọ́. Ibi tí a ń tẹ́ iṣẹ́ sí ni, bí aránṣọ ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kó tó gé e. Aṣọ tí a ká sínú àpótí kì í gba àyè, ìgbà tí a bá tẹ́ ẹ ni a ó mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Àwòrán tí a fi bo ara ògiri, tó jẹ́ píksẹ́lì (àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 4096 ní ìbú àti 4096 ní òró, lè jẹ́ mẹ́gábáìtì díẹ̀ lórí díìsìkì nítorí pé a ti fún un pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ tán, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 4, ó di mẹ́gábáìtì 64. Irú rẹ̀ 20 ti ju gígábáìtì kan lọ. Bí a bá dín ìbú àti òró kù sí 2048, mẹ́gábáìtì 16 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ta ni yóò fi «ìrántí» ṣàlàyé èyí láìdààmú?

Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá «àyè iṣẹ́», kí ti díìsìkì sì jẹ́ «àyè ìpamọ́». (Mo ti kọ́kọ́ gbèrò «ìtẹ́ iṣẹ́», ṣùgbọ́n ọba àti ẹyẹ ti gba ìtẹ́ lọ́wọ́ wa.) Àǹfààní ńlá kan wà níbẹ̀: àyè máa ń há, ó sì máa ń tán, ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì. Bí àyè iṣẹ́ bá há, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè lórí díìsìkì, gbogbo nǹkan a sì máa wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. «Àyè àyálò» ni kí a pe ìyẹn. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àyálò lójoojúmọ́ kò lè sọ pé ó ṣòro. Bí àyálò náà bá kún ni àyè tó tán, tí ẹ̀rọ yóò sì pa Blender lójijì. Ìmọ̀ràn méjèèjì yàtọ̀: ẹni tí àyè há mọ́ lè ti àwọn ohun mìíràn tó ṣí sílẹ̀, kó sì fi àṣẹ orí tẹ́míná, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ṣiṣẹ́ láìṣí ojú fèrèsé Blender, ẹni tó ń bẹ̀rù kó má tán, kó fi fíréèmù kọ̀ọ̀kan pamọ́ bí àwòrán PNG, kì í ṣe bíi fídíò kan ṣoṣo, kó lè tún bẹ̀rẹ̀ láti 147.

Lórí «ẹ̀dà», ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Igi 500 tí a fi bọ́tìnì Shift+D ṣe nínú Blender jẹ́ ẹ̀dà lóòótọ́, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ara tirẹ̀. Èyí tí a fi Alt+D ṣe kò ní ara. Ara igi kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, àyè tí wọ́n ń gbà kò sì ju ti igi kan lọ púpọ̀. «Ìtọ́kasí» ni mo pe ìyẹn.

Àwọn tó ní kí a pe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lórí fíréèmù kọ̀ọ̀kan, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «rendering», ní «ìyàwòrán» gbàgbé pé ènìyàn ló ń yàwòrán. Ẹ̀rọ ń sọ ohun tí a ti kọ́ kalẹ̀ di àwòrán ni. «Ìsọdàwòrán» bá «ìsọdorúkọ» tí gírámà wa ti mọ̀ mu. Fíréèmù ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ti wá kọ sínú ìwé ìlànà mi báyìí nìyí: «Àyè iṣẹ́ kò tó láti sọ fíréèmù 147 dàwòrán. Pípa fáìlì rẹ́ lórí díìsìkì kò ní fi kún un.» Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì ní rán ẹnikẹ́ni lọ sídìí díìsìkì, mo ń retí rẹ̀.