Ìmọ̀ràn: Bàbá mi kò fẹ́ lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mọ́

Ọmọ Bàbá: Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Etí bàbá mi ti ń di díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, a sì ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan fún wọn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́, wọ́n ní ariwo lásán ni. Wọ́n ti ń yẹra fún ìjókòó ẹbí báyìí, wọ́n sì ń sọ pé ńṣe ni gbogbo wa ń kùn lẹ́nu.

Olùtọ́jú Etí: Òótọ́ ni bàbá yín ń sọ. Bí ọjọ́ orí bá ń di etí ẹni, àwọn ìró tó tínrín tó sì lọ sókè, irú bí ìró s, f àti t, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, nígbà tí ìró fáwẹ̀lì ṣì ń wọlé dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn yín láìgbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wá dá ohun tí wọn kò ti gbọ́ tipẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ìró bébà àti ìró ẹsẹ̀, ó sì máa ń gba ọpọlọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù, kí ó tó mọ èyí tí yóò fojú fò. Kí wọ́n kọ́kọ́ máa lò ó fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ nínú yàrá tó dákẹ́, kí wọ́n sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣètò rẹ̀ fún àtúnṣe. Kí dókítà yẹ inú etí wọn wò pẹ̀lú, nítorí ìdọ̀tí etí lè dí i. Bí etí kan bá dédé di lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá Ìbejì: Ilé náà gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ padà. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọjú sí wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn sí ojú yín, ẹ má sì pariwo, nítorí igbe máa ń da ìró ọ̀rọ̀ rú. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú wọn wò pẹ̀lú bóyá wọ́n ń ríran dáadáa, torí ẹnu yín ni wọ́n ń wò láti fi kún ohun tí etí kò mú.

Alò-ẹ̀rọ: Èmi náà ń lo ẹ̀rọ yìí. Títẹ́tí sílẹ̀ máa ń rẹ̀ wá gan-an, nítorí náà bí wọ́n bá yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè sinmi, ẹ má bá wọn jà. Ohun tó ń lé wa kúrò láàárín èèyàn jù lọ ni kí a béèrè ohun tí ẹnì kan sọ, kí onítọ̀hún sì dáhùn pé, “Ẹ má dààmú, kò ṣe pàtàkì.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún wọn.

Ọmọ Bàbá: Ẹ ṣeun gidigidi. Etí kan ṣoṣo ni a ra ẹ̀rọ fún, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ni kò gbọ́ dáadáa. Ṣé ó burú?

Olùtọ́jú Etí: Kò burú láti fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ etí méjèèjì ni ènìyàn fi ń mọ ibi tí ohùn ti ń wá, òun náà ni a sì fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ láàárín ariwo, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n dán ẹ̀rọ méjì wò bí agbára bá ká a.