Òrùlé ń jò, ògiri ń hu ewé: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ nílé etí òkun?

Ìyá Àdùnní: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé etí òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé bàbá wa ni, ní Àgbádárìgì, a ò jìnnà sí òkun rárá, tó bá dalẹ́ ẹ máa gbọ́ ìró ìgbì láti yàrá. Páànù longspan alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kàn án, wọ́n wá mọ párápẹ́ẹ̀tì, ògiri kékeré tó ga ju etí òrùlé lọ, yí i ká bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Páànù fúnra ẹ̀ ò dípẹtà o, àmọ́ orí gbogbo ìṣó ti pọ́n, ìpẹtà ń ṣàn sílẹ̀ lára páànù bí ẹni da epo pupa sí i, rọ́bà abẹ́ ìṣó ọ̀hún tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ńṣe ló ń rún. Tí òjò bá ti rọ̀, igun yàrá màmá wa ló máa ń jò, àjà ibẹ̀ ti wú. Níta ẹ̀wẹ̀, ògiri tó kọjú sókun ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, apá kan ti dúdú kirikiri, ọ̀dà ń bó. Pẹ́ńtà ní ká fi textcoat, ọ̀dà tó ki tó sì rí ṣáká-ṣáká yẹn, kun gbogbo ẹ̀ pé omi ò ní wọlé mọ́. Káfíńtà ní ká ṣí gbogbo òrùlé ká kan tuntun. Owó méjèèjì ò kéré, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló fẹ́ fowó ránṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí owó ẹlẹ́ni ṣòfò. Èwo la máa kọ́kọ́ ṣe?

Káfíńtà Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú ìnira mà. Ẹ ní kí pẹ́ńtà ṣì lọ jókòó ná, omi tó ń tòkè wá ni wàhálà yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣí páànù tó ṣì dáa. Alumíníọ̀mù fúnra ẹ̀ máa ń fara da iyọ̀ òkun, ìṣó onírin tí wọ́n fi kàn án ni kò lè fara dà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé tí irin bá fara kan alumíníọ̀mù tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, kì í ṣe irin nìkan ló ń jẹ, alumíníọ̀mù náà ń jẹ, ihò ìṣó á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi rọ́nà. Ẹ yọ ìṣó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sìkúrúù stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà, tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀ dí i, kó ní wọ́ṣà rọ́bà tó nípọn tí ò ní jẹ́ kí orí ẹ̀ kan páànù. Oríṣi stainless tí wọ́n ń pè ní grade 316 ló dáa jù létí òkun, 304 náà ń gbìyànjú. Ẹ mú máńgínẹ́ẹ̀tì dání lọ sọ́jà, 304 àti 316 kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá ti lẹ̀ gírí ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun ṣá, kí ẹnì kan wọ inú àjà lọ fi ìṣó gún igi òrùlé wò, tí igi bá ti rà, kò sí sìkúrúù tó máa dì í mú.

Bàbá Ìbejì Ajah: Òótọ́ ni káfíńtà sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n bi màmá ní nǹkan kan. Ṣé gbogbo òjò ló ń jò, àbí èyí tí ìjì bá gbé wá nìkan? Tí òjò bá dá ńkọ́, ṣé ó ń dá pẹ̀lú ẹ̀? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé èyí tó bá jẹ́ tìjì nìkan, ibi tí páànù ti gun ara wọn lomi ń gbà wọlé. Èyí tó bá ń jò lẹ́yìn tí òjò ti dá, omi kan dúró sí ibì kan lókè yẹn nìyẹn.

Ìyá Àdùnní: Haa, sà, ó ṣì máa ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn tí òjò ti dá o! Nígbà míì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bàbá Ìbejì Ajah: Gọ́tà párápẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀nà omi tó wà láàárín páànù àti párápẹ́ẹ̀tì. Ẹ rán ẹnì kan gòkè lọ́jọ́ tí òòrùn bá ràn, kó máa tẹ ojú ìlà ìṣó torí ibẹ̀ nigi wà lábẹ́, kó má sáré lórí páànù tó tutù.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ má gbà páànù onírin tí wọ́n bá ní ó pọ́ọ́kú o. Síǹkì tí wọ́n fi bò ó ni iyọ̀ máa kọ́kọ́ jẹ tán, lẹ́yìn náà ó kan irin. Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ ibì kan, alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55 sókè, 0.45 ti fẹ́lẹ́ jù fún atẹ́gùn òkun.

Ìyá Àdùnní: Àbúrò mi ti gòkè. Ẹ wò ó, ewé àgbọn àti iyanrìn ló kún inú gọ́tà, omi dúró síbẹ̀, páìpù kan ṣoṣo ló sì ń gbé omi lọ fún gbogbo ẹ̀yìn ilé. Òkè igun yàrá màmá gan-an ni omi ọ̀hún ti jìn jù. Ó tún ní wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ etí páànù mọ́ ògiri párápẹ́ẹ̀tì, sìmẹ́ǹtì yẹn ti là, páànù abẹ́ ẹ̀ ti lu wẹ́wẹ́.

Bàbá Ìbejì Ajah: Ọlọ́run ṣeun tẹ́ ẹ ò tíì kun nǹkan kan. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù, kò yẹ kó kàn án rárá. Kí wọ́n gé ibi tó ti lu yẹn, kí wọ́n fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ bo ojú ìpàdé páànù àti ògiri, kí wọ́n la ògiri díẹ̀ kí wọ́n ki etí ẹ̀ òkè bọ̀ ọ́, kí omi ògiri lè máa já sórí páànù dípò kó já sẹ́yìn ẹ̀. Gọ́tà, ẹ kó o mọ́, kí bíríkìlà tún ilẹ̀ ẹ̀ ṣe kó lè dà síbi páìpù, ẹ fi páìpù kejì kún un, ẹ wá fi felt ọlọ́dà dúdú tí kì í jẹ́ kómi kọjá tẹ́ inú ẹ̀ kó gun ara ògiri díẹ̀. Kí wọ́n tún lu ihò kan síwájú párápẹ́ẹ̀tì, kó rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ, tí páìpù bá dí lọ́jọ́ kan omi á gba ibẹ̀ tú síta ẹ ó sì tètè rí i, kò ní wọ inú ilé. Iyanrìn tí wọ́n máa lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ bù ú ní bíìṣì torí pé ó súnmọ́. Iyọ̀ inú ẹ̀ ń fa omi, ó sì ń jẹ irin inú kọ́ǹkéré.

Àlàbá Àgọ́ Ọjà: Èmi ò fẹ́ràn párápẹ́ẹ̀tì yìí níbi tí òjò ti ń rọ̀ tó báyìí. Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n parí ní 1845 ní Àgbádárìgì yín níbẹ̀, ẹ lọ wo bí òrùlé ẹ̀ ṣe yọ síta kọjá ògiri. Omi ò rí ògiri bá jà. Tẹ́ ẹ bá lówó lọ́jọ́ iwájú, ẹ wó párápẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ jáde.

Sísì Pẹ́ńtà: Màmá, iṣẹ́ mi ni ọ̀dà, ẹ jẹ́ n sọ tògiri. Ẹ wò ó bóyá omi ń tilẹ̀ gòkè náà: tí ibi tó ń bó bá wà nísàlẹ̀, tó ní nǹkan funfun bí iyọ̀ lójú, tó sì mọ ní bí ìdí èèyàn, omi ilẹ̀ nìyẹn, ọ̀dà kankan ò lè wò ó. Ẹ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn tó ti gun ògiri kúrò, ẹ jẹ́ kí omi òjò máa ṣàn jìnnà sílé. Ògiri tó ti mumi, tẹ́ ẹ bá fi textcoat dì í, omi ò ní rọ́nà jáde, ibi tó máa wú sí ni yàrá. Nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ po jíìkì mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣan án. Ẹ ṣọ́ ọ kó má ta sára páànù, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, èéfín ẹ̀ léwu gidi. Ibi tí wọ́n bá tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó kun ún.

Ìyá Àdùnní: Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà wo ló wá dáa jù báyìí?

Káfíńtà Ẹ̀pẹ́: Gọ́tà, ẹ kó o lónìí, kò gbowó. Tìṣó àti ti etí páànù, ẹ dúró de August break tí òjò bá fúyẹ́, kó parí kí ti September tó dé. Ọ̀dà di ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn December, nígbà tí ògiri bá ti gbẹ dénú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà kẹ́ ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan abẹ́ òrùlé àti irin ojú fèrèsé, torí ibi tí òjò ò dé ni iyọ̀ ti ń kó jọ jù. Tí àbúrò yín bá lè ya fọ́tò igi inú àjà, ẹ fi síbí ká bá yín wò ó.

Ìyá Àdùnní: Ó ti lọ gbé àkàbà, màá fi síbí kí ilẹ̀ tó ṣú.