Ẹ̀gbọ́n mi ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, àbúrò wa ní ká ra oògùn tó ń dá FTO dúró. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùtọ́jú Ẹ̀gbọ́n:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi, mi ò fẹ́ dá a ṣe.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló ń yọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n ti ń gba ìtànṣán, pẹ̀lú cisplatin, oògùn kímò tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin, tó kàwé dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í ṣe oníṣègùn, wá rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn purotéènì kan wà tó ń ṣe àtúnṣe sí RNA, àwọn ló sì ń ran jẹjẹrẹ yìí lọ́wọ́ kó máa dàgbà. Ó dárúkọ METTL3 àti FTO. Ó ní FTO ló ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ṣagídí sí kímò àti ìtànṣán, pé oògùn ìrora àtijọ́ kan tó ń jẹ́ meclofenamic acid sì lè dè é lọ́wọ́. Lánàá, ó fi fọ́tò páálí oògùn náà ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ọ̀nà ti là."

Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ká ní kí dókítà ṣe tẹ́ẹ̀sì FTO fún wọn? Ṣé àrùn ìdílé ni? Èmi náà bí ọmọbìnrin, ọmọ ọdún 11 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èdè tó máa yé mi dáhùn.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí n tó sọ ohun mìíràn, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbé oògùn yẹn mì. Ọmọ ìyá ibuprofen àti diclofenac ni. Cisplatin nìkan tó láti da kíndìnrín láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á. Bí ẹ bá tún wá gbé irú oògùn ìrora yìí lé e, ẹrù méjì lẹ gbé ka kíndìnrín lórí. Tí kíndìnrín bá sì kọṣẹ́, cisplatin tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni dókítà máa dá dúró. Ẹ pe nọ́mbà wọ́ọ̀dù lónìí. Bí wọ́n bá sì ti lò ó, ẹ sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín jà.

Ọmọ Láàbù:
Àbúrò yín ò purọ́. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ohun tó wà nínú àwo láàbù ló gbé wá síbi ibùsùn aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. DNA ni ìwé ńlá tí kì í jáde kúrò ní yàrá. RNA ni ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì. Sẹ́ẹ̀lì máa ń fi àwọn àmì kéékèèké sára ẹ̀dà yìí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ m6A, láti 1974 ni wọ́n ti rí i. Ẹ fi wé àmì ohùn nínú èdè wa: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́. Lẹ́tà kan náà, àmì ló yàtọ̀. METTL3 àti ẹnìkejì rẹ̀, METTL14, ló ń fi àmì sí i. FTO àti ALKBH5 ló ń pa á rẹ́. Àwọn bíi YTHDF1 ló ń kà á.

Nínú jẹjẹrẹ yìí, wọ́n rí i pé METTL3 pọ̀ ju bó ṣe yẹ. Ó ń fi àmì sára RNA tó ń bí hexokinase 2, purotéènì tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ṣúgà nínú sẹ́ẹ̀lì. YTHDF1 á dì í mú, RNA náà ò ní tètè bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á wá máa jẹ ṣúgà bí ẹni tí ẹlòmíì ń sanwó fún. Ní ti FTO, ìwádìí kan ní 2018 sọ pé ó ń pa àmì rẹ́ lára RNA tó ń bí beta-catenin, purotéènì kan tó máa ń ti sẹ́ẹ̀lì láti dàgbà, ibẹ̀ ni agídí sí kímò àti ìtànṣán ti wọlé. Ibi tí àbúrò yín ti kà á nìyẹn.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, sẹ́ẹ̀lì inú àwo bíi HeLa ni wọ́n fi ṣe é. Ara Henrietta Lacks, tí jẹjẹrẹ yìí kan náà pa, ni wọ́n ti gé HeLa ní 1951, ó ṣì ń pọ̀ sí i títí dòní. Àwo láàbù ò ní kíndìnrín.

Tíṣà Àgbà:
Ọmọ Láàbù, mo gbádùn ọkọ àti ọkọ̀ yẹn, àmọ́ ṣé m6A máa ń yí ohun tí RNA ń sọ padà ni? Bí kò bá yí i padà, àpèjúwe yẹn á ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kejì: ẹni tó ń fi àmì sí i pọ̀ jù, ẹni tó ń pa á rẹ́ náà pọ̀ jù. Èwo ni ká mú?

Ọmọ Láàbù:
Ẹ mú mi, sà! Kò yí i padà. Purotéènì kan náà ni RNA yẹn máa bí. Iye ìgbà tí wọ́n máa kà á, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó fà á ya, ni àmì náà ń yí padà. Ó sún mọ́ ohun tí ọ̀gá ń kọ sí etí lẹ́tà: "tètè ṣe èyí", "tọ́jú èyí", "jù ú nù".

Ìbéèrè kejì yín ló ń mú àwa náà họ orí. Ìwádìí kan ní 2017 tiẹ̀ sọ pé m6A lápapọ̀ dínkù nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. RNA wo, ibo lára rẹ̀, ta ló ń kà á: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àmì kan náà lè gbé RNA kan ró, kó sì sọ òmíràn nù. FTO tún ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá, títí dé inú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá àbúrò yín yọ̀. Ní 2015 ni wọ́n fi hàn ní láàbù pé meclofenamic acid ń dí FTO lọ́wọ́, ìyẹn ò sì sọ ọ́ di ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Tẹ́ẹ̀sì FTO kì í sí lára ohun tí dókítà fi ń yan ìtọ́jú. Ti METTL3, oògùn kan tó ń dí i lọ́wọ́, tó ń jẹ́ STC-15, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára èèyàn ní 2022.

Ojú Lalákàn:
RNA, RNA! Òun náà ni wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ HPV tí wọ́n ní ó ń dènà jẹjẹrẹ yìí, kó lè tún ara wọn ṣe. Ẹ ṣọ́ra o.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Kò sí RNA nínú abẹ́rẹ́ HPV, ẹ̀gbọ́n. Purotéènì èèpo fáírọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, L1 lorúkọ rẹ̀. Èèpo lásán, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Mo Ti La Á Kọjá:
Àǹtí, èmi náà parí ìtọ́jú irú rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Lórí ọ̀rọ̀ ìdílé, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì HPV ló wà nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, irú 16 àti 18 ló sì ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí dókítà mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ní bíréèkì méjì, p53 àti Rb. Purotéènì fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ E6 á ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, E7 á tú ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn METTL3 wọ̀nyí ń rí àyè ṣe tiwọn. Ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ, nítorí náà àyè wà láti rí i mú. Ọmọ ọdún 11 yín wà láàárín ọdún 9 sí 14 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ẹ bá ti pé 30, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò HPV.

Ẹ tún jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín máa sùn lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ló rẹ̀ mí jù.

Olùtọ́jú Ẹ̀gbọ́n:
Ẹ ṣé gan-an. Mo pe wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ní kí n ka orúkọ ara páálí fún òun ní lẹ́tà-lẹ́tà, ó wá ní a ò gbọ́dọ̀ ṣí i rárá. Wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe, kí wọ́n tó fa cisplatin tó kàn.

Àbúrò wa bínú. Ó ní gbogbo wa ń ṣe nǹkan, òun nìkan la ní kó jókòó. Mo ní kó máa gbé ẹ̀gbọ́n wa lọ síbi ìtànṣán ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, kí èmi náà ráyè sùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní aago mélòó ni wọ́n máa ń kúrò nílé.