Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú táyà wo ni kí n rà sí jíìpù fó-wíìlì fún ìgbà òtútù?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ táyà ni mo bá wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù fó-wíìlì, òtútù sì ti ń wọlé bọ̀. Táyà all-season, ìyẹn táyà gbogbo ìgbà, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) sí i lára, ojú rẹ̀ ò sì tíì jẹ púpọ̀. Ọkọ mi ní fó-wíìlì ti tó, kí n má kówó lé táyà mìíràn. Àbúrò mi ní táyà olójú gbàǹgbà tí wọ́n fi ń wọ ẹrẹ̀ ni kí n lọ rà. Ẹlòmíì tún ní méjì péré ti tó, kí n fi í síwájú. Ìdájí ni mo máa ń jáde, kí wọ́n tó kó yìnyín kúrò lójú títì, àwọn ọmọ á sì wà lẹ́yìn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà wa tó já sí oríta oníná. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Awakọ̀ Òru
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ni ká wò. Fó-wíìlì ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yín á fi gbéra lójú yìnyín níbi tí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn ti ń yí lásán. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bíréèkì, iṣẹ́ fó-wíìlì ti parí nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àtèyí tó kéré jù. Táyà nìkan ló kù láti di ilẹ̀ mú, jíìpù sì wúwo, kò rọrùn láti dá a dúró. Mo máa ń rí wọn nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì lóru. Wọ́n gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, awakọ̀ sì rò pé bí ọkọ̀ ṣe gbéra ló ṣe máa dúró. Ẹ má gbọ́ ti ọkọ yín lórí èyí, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn.

Bàbá Onítáyà
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Awakọ̀ Òru sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, torí mo rí i pé ojú táyà ni gbogbo ènìyàn ń wò, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ni ká kọ́kọ́ wò.

Rọ́bà táyà ẹ̀rùn máa ń le bí òtútù bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 7°C. Bó bá ti le, kò ní lè tẹ̀ wọnú ojú ọ̀dà mọ́, yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni, kódà bí yìnyín kankan ò tíì bọ́. All-season wà láàárín méjì, òun náà á le bí òtútù bá mú gan-an. Àpòpọ̀ rọ́bà táyà òtútù ni kì í tètè le. Bí ẹ bá ráàyè dé ibi tí táyà méjèèjì ti sùn síta mọ́jú, ẹ fi èékánná tẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan á gba èékánná, èkejì á le bíi pákó.

Ẹ tún wo ojú táyà òtútù tímọ́tímọ́. Lórí ẹyọ rọ́bà kọ̀ọ̀kan tó yọ síta lójú rẹ̀, ẹ óò rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí wọ́gọwọ̀gọ, àfi bí ẹni pé abẹ ni wọ́n fi gé e. Bí táyà bá ń yí, àwọn ilà yẹn á ya ẹnu, etí wọn á máa ha yìnyín, wọ́n á sì máa fa omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú omi dídì kúrò. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń gbé ọkọ̀ yọ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ti àbúrò yín. Táyà ẹrẹ̀ dára bí yìnyín bá jìn tó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ rẹ̀ tóbi, ó le, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ò sì pọ̀ lójú rẹ̀. Lójú títì tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tó fi ń dán, ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀.

Ní ti M+S, ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí bí ojú táyà ṣe rí, kò di dandan kí wọ́n dán an wò lórí yìnyín. Àmì tí ẹ máa wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín onígóńgó mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Èyí ni wọ́n dán wò, ó sì yege. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé orí yìnyín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe orí omi dídì tó ń dán.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ ṣeun, Bàbá. All-weather ni èmi ń lò, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún oòrùn àti yìnyín pọ̀. Ó ní àmì òkè onígóńgó mẹ́ta yẹn, mo sì ń lò ó tọdún tọdún láìpààrọ̀. Ṣé kò ní tó fún Ìyá Ìbejì ni? Yìnyín kì í pẹ́ lójú títì lọ́dọ̀ tiwa, ó ń bọ́, ó sì ń yọ́.

Bàbá Onítáyà
Ó tó fún yín, Àǹtí. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́ tó sì ń yọ́, tí wọ́n ń tètè kó o, mi ò ní bá yín jà. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ni mo ń dáhùn, ojúlówó táyà òtútù ni mo fẹ́ fún un. All-weather gbọ́dọ̀ fara da oòrùn náà, rọ́bà rẹ̀ ò lè rọ̀ tó ti òtútù.

Ìyá Ìbejì
Ó ti yé mi. Ti méjì síwájú ńkọ́? Ṣé kí n sì ra táyà tó fẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ, kó lè di ilẹ̀ mú sí i?

Mẹkáníìkì Ìgbàlódé
Rárá o, ìyá mi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Tí iwájú bá di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn ò dì í, bí ẹ bá tẹ bíréèkì ní kọ́nà, ẹ̀yìn á fẹ́ ṣáájú iwájú, ọkọ̀ á sì pòòyì. Ti fó-wíìlì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí táyà kan bá kéré ju èkejì lọ, bóyá nítorí ojú rẹ̀ ti jẹ, yóò máa yí ju èkejì lọ, gíá tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi gbóná. Àtúnṣe ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá á sọ bí ìyàtọ̀ ṣe lè pọ̀ tó.

Ní ti fífẹ̀, òdìkejì ni. Táyà tó fẹ̀ máa ń léfòó lórí yìnyín tútù, èyí tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ló ń gé e wọlẹ̀ dé orí ọ̀dà. Ẹ wo àwọn ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ fọwọ́ sí, kí ẹ mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù níbẹ̀, lórí rímù kékeré tó bá gba bíréèkì yín láàyè. Nọ́ńbà tó ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí èyí tí ìwé náà kọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 3524 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2024. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta táyà tó ti gbó nílé ìkẹ́rù fún yín.

Ọmọ Ìlú Òtútù
Táyà tí wọ́n kan ìṣó sí lójú ńkọ́? Finland ni mo ti lò ó, kò sí ohun tó dà bí i lórí omi dídì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe táyà òtútù àkọ́kọ́ lágbàáyé ní 1934, fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Awakọ̀ Òru
Ẹ̀gbọ́n, ó dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ń pariwo, ó sì ń ba títì jẹ́, ìdí tí Jámánì fi fòfin dè é nìyẹn. Kí Ìyá Ìbejì béèrè òfin ibi tí wọ́n ń gbé. Ní Québec, ní Kánádà, dandan ni táyà òtútù láti 1 oṣù Kejìlá sí 15 oṣù Kẹta, fó-wíìlì ò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ti gbà. Ojúlówó táyà òtútù mẹ́rin la máa rà, lórí rímù tirẹ̀. Ìgbà wo ni ká wọ̀ ọ́?

Mẹkáníìkì Ìgbàlódé
Bí òwúrọ̀ bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 7°C lemọ́lemọ́, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má dúró de yìnyín. Lẹ́yìn ìrìn bí 50 sí 100 kìlómítà, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì wíìlì dì. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ tó wà á, torí bí òtútù bá fi nǹkan bí 6°C wálẹ̀, nǹkan bí 1 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) á dín nínú rẹ̀. Bí ojú táyà bá wá jẹ ku 4 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má retí 1.6 mm tí òfin ọ̀pọ̀ ibi gbà láyè. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí Bàbá ń sọ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dé ibẹ̀.