Ibi tí ọ̀rọ̀ eyín mi parí sí

Ẹ̀yin ará, mo wá parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: eyín ń ro mí ní Houston níbí, mi ò sì ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Màmá ará Mẹ́síkò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo fẹ́ fi èdè Sípéènì sọ pé ojú ń tì mí, ni mo bá ní “estoy embarazada”. Àṣé “mo lóyún” nìyẹn! Màmá ti ìjókòó sábẹ́ mi, wọ́n bu omi fún mi. Nígbà tó yé wọn, wọ́n mú mi lọ sí kílíníìkì tó ń wo owó tó ń wọlé fúnni kí wọ́n tó dá iye tá a máa san. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ̀rora lásán! Wọ́n ti yọ eyín náà lánàá. Ẹ ṣé fún àdúrà yín.