Eṣinṣin tó gbé ìrísí oyin wọ̀: ohun tẹ́ ẹ máa wò lára rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹfà lẹ máa rí i: kòkòrò onírun pupa rúsúrúsú, tó ń rà bàbà níwájú òdòdó. Kì í ṣe oyin. Eṣinṣin ni, Bombylius major. Ìyẹ́ ni kẹ́ ẹ kà. Oyin ní mẹ́rin, òun ní méjì péré. Tó bá bà sórí ewé, ẹ wo etí iwájú ìyẹ́ náà, ó dúdú bí ẹni fi yíǹkì là á. Tó bá jẹ́ àmì tótòtó lẹ rí káàkiri ìyẹ́, Bombylius discolor nìyẹn.

—

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu rẹ̀ tó nà síwájú bí abẹ́rẹ́ ló ń já ènìyàn láyà, àmọ́ kò lè ta ẹnikẹ́ni. Omi dídùn inú òdòdó ló ń fi í fà. Oyin a máa ká ahọ́n tirẹ̀ sábẹ́ orí tó bá mu tán. Tèyí kì í ká, bó ṣe nà ló ń gbé e fò kiri.

—

Ọ̀rọ̀ ẹyin rẹ̀ gan-an ló dùn. Abo á kọ́kọ́ wá ilẹ̀ gbígbẹ, á fi ìdí kan ilẹ̀, á máa gbọ̀n ọ́n títí iyanrìn á fi wọnú àpò kékeré tó wà níbẹ̀. Iyanrìn yẹn ló ń fi bo ẹyin lára, bí ẹni ń yí ẹ̀pà nínú ìyẹ̀fun. Á wá rà bàbà lókè ihò Andrena, oyin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ gbé. Kò ní balẹ̀ o. Á ju ìdí síwájú fìrí, ẹyin kan ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń tàsé, nítorí ihò èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ṣókùnkùn ló ń jù ú sí.

Idin tó bá yọ tín-ín-rín, ó sì yára. Á wọ́ dé yàrá ọmọ oyin, á dúró jẹ́ẹ́ títí ọmọ náà á fi jẹun sanra. Ìgbà náà ló tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí á máa fa omi ara rẹ̀ mu.

—

Ṣé kò ní wọ ilé oyin tí a ń sìn?

—

Rárá. Oyin inú ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹ má fín oògùn, oyin gan-an ló máa kọ́kọ́ kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á ní fọ́tò, ẹ dúró de oòrùn, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bò ó.