Ṣé kí n fọ ìpẹtà ara òkúta mi yìí, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ojú ló ń tì mí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo gba ibi tí àwọn ìyá wa ti ń fọ́ akọ òkúta fún àwọn tó ń kọ́lé, nísàlẹ̀ òkè. Ìyá kan yọ nǹkan kan lábẹ́ ọpọ́n rẹ̀, ó ní, "Ìwọ tó ń ṣa òkúta kiri bí ọmọdé, wo èyí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. Ìdì òkúta dígí ni, èyí tí Faransé ń pè ní quartz, ó tó ìkúùkù ọkùnrin. Ọ̀pá méje ló yọ lára rẹ̀, méjì gùn tó ìka àárín mi, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà mẹ́fà, orí wọn ṣómúṣómú. Òkúta aláwọ̀ ẹran tútù ló wà nídìí rẹ̀, àwọn abala dúdú tó ń dán sì há sí i lára, irú èyí tó máa ń ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Mo fún ìyá náà ní 2,000 séfà àti ọṣẹ ìfọṣọ méjì.

Òkúta bí ogójì ni mo ní nílé, inú páálí ẹyin ni mo tò wọ́n sí. Ìyàwó mi ní ọkọ òun ń sàba lé ẹyin tí kò ní pa láéláé. Nínú gbogbo wọn, èyí ni ààyò. Ìpẹtà nìkan ni ìyọnu rẹ̀: ó wà nínú gbogbo kòtò tó wà láàárín àwọn ọ̀pá náà, bí ìgbà tí epo pupa bá ta sí aṣọ funfun. Ọkùnrin kan láti Kútọnú rí i, ó ní tí mo bá lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ bí omi dídì, òun á san 60,000.

Ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi bàjẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ láti ìhà Onígbólò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta símẹ́ńtì. Ihò kan wà nínú rẹ̀ tó kún fún hóró funfun tó ń tàn. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú. Ó ń hó bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ojú hóró náà ti kú, ó dà bí iyọ̀ tí ọmọdé ti lá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí èyí? Ṣé kí n fọ̀ ọ́? Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? Kí olúkúlùkù sì sọ ààyò tirẹ̀ àti bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí n lè rí nǹkan kọ́.

Ìyá Ọlọ́jà Kétu

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n tó káàánú rẹ, má bínú.

Hóró funfun tí o pa yẹn, ẹbí ìkarahun ìgbín ni, ẹbí èèpo ẹyin. Ohun kíkan kì í bá wọn rẹ́. (Àwọn kan máa ń pe òkúta Onígbólò ní ẹfun. Ẹfun tí mò ń tà lọ́jà, o kán ọsàn sí i títí, kò ní hó.) Kó o tó rẹ òkúta kankan, kán ẹ̀kán kan sí ìdí rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Tó bá hó, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kó o lò. Tìrẹ yìí kò ní hó.

Ààyò tèmi ni òkúta tìróò. Gàǹbàrí kan ló tà á fún mi lódindi, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Kò ju páálí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e máa ń wo ojú mi, bí ẹni pé mo fi nǹkan sí i nínú. Igun mẹ́rin mẹ́rin ni, bí ṣúgà oníhóró tí a fi fàdákà rọ. Èyí tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́dún kan, dípò kó fọ́ wúruwùru, àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké ló pín sí. Òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di í, ohun tó jẹ́ kó wúwo nìyẹn. Inú agolo onídèérí ló ń gbé, mo sì máa ń fọwọ́ mi tí mo bá fọwọ́ kàn án tán. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ti là á yé mi pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, tìróò kò tíì kan ojú ọmọ-ọmọ mi kankan mọ́. Wọ́n ní mo ti di òyìnbó.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ìyá Ọlọ́jà, ẹ ti gba iṣẹ́ mi ṣe, ẹ ṣeun.

Ọmọ Òkè, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìpẹtà yẹn, ṣé ojú ara ló wà àbí inú? Mú abẹ́rẹ́, fi fá a níbi tó pupa jù. Má bẹ̀rù, òkúta dígí jẹ́ 7 lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ṣe ní 1812 (1 ló rọ̀ jù, 10 ló le jù), abẹ́rẹ́ kò lè ha á. Tí pupa náà bá ń ṣí, ara ló wà. Tí abẹ́rẹ́ bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, inú ló wà: òkúta náà ti gbé e mì nígbà tó ń dàgbà, kò sì sí omi tó lè yọ ọ́.

Irin ni. Akọ òkúta tí òkè yín fi dúró ti tó bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tó ń tutù lábẹ́ ilẹ̀, omi gbígbóná tó ṣẹ́ kù sá wọ inú àwọn ibi tó sán, ibẹ̀ ni àwọn hóró ńlá ti ráyè dàgbà. Irin wà nínú abala dúdú tó ń dán yẹn. Òjò ń wọlé, irin ń dógùn-ún, ó ń ṣàn lọ sínú kòtò. Ohun kan náà ló sọ yangí di pupa.

Ọsàn wẹ́wẹ́ lè yọ èyí tó bá fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n á pẹ́. Èyí tó bá nípọn, ohun tí àwọn kan fi ń sọ pákó di funfun ni wọ́n ń lò, Faransé ń pè é ní acide oxalique. Ó dà bí iyọ̀, májèlé sì ni, ọmọdé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, má fa eruku rẹ̀ símú. Garawa ọ̀rá ni kó o lò, má lo ti irin. Nǹkan bí 50 gíráàmù sí lítà omi kan tó. Omi òjò ni kó o fi pò ó o, má lo omi kànga: omi tí ẹbí ìkarahun bá wà nínú rẹ̀ máa ń bá a di ìyẹ̀fun funfun tó lẹ̀ mọ́ kòtò, èyí sì burú ju ìpẹtà lọ. Fi í síbẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, má gbé e kaná. Tí o bá yọ ọ́, rẹ ẹ́ sínú omi òjò mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan, máa pààrọ̀ omi náà. Kó o tó da èyí tó kù nù, bu bíkábónétì sí i títí tí kò fi ní hó mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó máa ṣe abala dúdú yẹn. Ohun kíkan lè pa dídán rẹ̀. Fi òkúta mìíràn dán an wò ná.

Ààyò tèmi ti kú. Òkúta tó jọ wúrà ni, irin àti imí ọjọ́, ọ̀rẹ́ mi kan mú un wá láti Faransé. Ilé mi kò jìnnà sí ọ̀sà, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ mọ bí ìrì ṣe ń wọ aṣọ inú àpótí. Ní òjò kejì, mo ṣí dúrọ́ọ̀, òórùn ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ló kọ́kọ́ kí mi. Ìyẹ̀fun funfun ti hù lára rẹ̀ bí èébu, ara rẹ̀ ti sán. Ásíìdì tó jáde lára rẹ̀ ti jẹ ìwé tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó jẹ "Py" ó ṣẹ́ "rite" kù, ó sì dá àpá dúdú sí pákó dúrọ́ọ̀. Àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ má fi omi kàn án rárá. Àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mu, tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, ẹ má jù wọ́n nù, inú ike onídèérí pẹ̀lú òkúta náà ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Ṣakí Boy

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, mo kí yín láti òdì kejì ààlà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Tíṣà, tèmi yàtọ̀: ẹ má fọ̀ ọ́.

Ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń wa túrúmálínì. Mo ti rí ohun tí fífọ̀ ń ṣe. Òkúta tó bá mọ́ tónítóní kò ní ilé mọ́, ẹnikẹ́ni lè sọ pé Bùràsíìlì ló ti wá. Ìpẹtà yẹn ni ẹlẹ́rìí pé inú ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ló sùn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀gá Kútọnú. Kí ló fẹ́ fi òkúta dígí tó mọ́ bí omi dídì ṣe? Ọ̀kan nínú irú àwọn oníṣòwò òkúta bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ fi irú rẹ̀ ha gíláàsì mọ́tò lójú mi, ó ní "Ẹ ti rí i, dáyámọ́ńdì!" Gíláàsì kò tó 6, òkúta dígí 7, báwo ni kò ṣe ní ha á? Ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà tí ẹ kà yẹn ti tú àṣírí rẹ̀. Dáyámọ́ńdì inú ilẹ̀ sábà máa ń ní ojú mẹ́jọ, bí òrùlé méjì tí a fi ìdí lé ara wọn.

Ààyò mi jẹ́ túrúmálínì dúdú kirikiri, ó gùn bí ìka, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá yá a níná díẹ̀díẹ̀, tí ẹ wá gbé e sún mọ́ eérú, eérú á fò lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ará Nẹ́dálándì tó kọ́kọ́ kó irú rẹ̀ dé láti Sílóònì (Sri Lanka òde òní) pè é ní afa-eérú. Ẹ̀rù ba ìyá mi nígbà tó rí i, ó ní kí n gbé e kúrò ní ilé ìdáná òun.

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kánún ni ààyò mi. Ìyá mi ra òdidi kan tó ní hóró gígùn bí abẹ́rẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi se ilá. Mo gbé e sórí fèrèsé. Òjò kan ṣoṣo ni. Omi rẹ̀ ṣàn sórí ìwé ìbí mi.

Ọmọ Oníṣàngó, Sàkétẹ́

Ẹdùn àrá kan wà lọ́wọ́ wa nílé, ó dán, etí rẹ̀ mú. Ṣé ó lè wọ ẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyí?

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, àáké àwọn ará àtijọ́ ni ní tèmi, kí irin tó dé. Ọwọ́ ènìyàn ló pọ́n ọn. Ní ti bàbá rẹ, láti òkè ló ti bọ̀. Má fọ̀ ọ́, má yà á ní fọ́tò láìbéèrè lọ́wọ́ bàbá. Ibẹ̀ lohùn èmi àti bàbá rẹ ti ṣọ̀kan.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi abẹ́rẹ́ wò ó, ojú ara ló wà. Tíṣà, ṣé òkúta aláwọ̀ ẹran yẹn kò ní bàjẹ́?

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ìyẹn gbójú, kò ní nǹkan ṣe. Abala dúdú ni kó o máa ṣọ́.

Ìyá Ọlọ́jà Kétu

Garawa tí o bá lò, fi ọ̀dà kọ nǹkan sí i lára. Kó má di pé ìyàwó rẹ fi í pọn omi.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo padà dé. Mo lọ bá ìyá tó ń fọ́ òkúta, mo gba àfọ́kù kékeré kan tó ní gbogbo rẹ̀ lára: dígí, aláwọ̀ ẹran, abala dúdú. Mo rẹ ẹ́ bí Tíṣà ṣe wí. Ní ọjọ́ kẹrin, dígí rẹ̀ mọ́ débi pé mo ń ka ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala dúdú náà ti ṣì, kò dán mọ́, ó rí bí ìpẹ́ ẹja gbígbẹ.

Nítorí náà, omi òjò àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ èyí ńlá, mo fi igi ìtayín yọ ẹrẹ̀ inú kòtò rẹ̀. Ìpẹtà ṣì wà, ó kàn ti fẹ́lẹ́ sí i. Ọ̀gá Kútọnú dé lánàá. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní 15,000. Mo bu omi fún un mu, mo sì pe zémì (alùpùpù akérò) fún un.

Ìyàwó mi ló gbé e kúrò nínú páálí ẹyin lónìí. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà báyìí, n kò sì tíì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́jà, lọ́jọ́ ọjà yín tó ń bọ̀, mò ń mú àfọ́kù tó mọ́ yẹn bọ̀ fún yín. Ẹ bá mi wá òkúta tìróò kékeré kan sílẹ̀, màá mú agolo tèmi dání.